Nọ́ọ̀tì Kíráńkì Tó Takú: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó ní àgbá kan ṣoṣo, ní ojú ìwé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí ohun kékeré kan ṣoṣo, ìyẹn nọ́ọ̀tì tó de apá kíráńkì (irin tí pẹ́dàlì so mọ́) mọ́ ọ̀pá àárín àgbá. Mo yan márùn-ún nínú wọn. Mo gé àwọn kan kúrú nítorí àyè, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ ọdún 17 ni mí. Apá kíráńkì òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́ bí mo bá ń wa kẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ yọ ọ́ kí n lè wo ohun tó ń ṣe é. Nítorí pé mo ti gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ òsì kẹ̀kẹ́ máa ń lòdì, mo yí nọ́ọ̀tì náà sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò mira. Mo fi páìpù gùn sípánà, mo gbé gbogbo ara lé e, ni sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹnu sípánà tó bo orí nọ́ọ̀tì, bá yọ̀, orí nọ́ọ̀tì sì di róbótó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan kò dì í mú mọ́. Ṣé kẹ̀kẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Kẹ̀kẹ́ rẹ kò tíì bàjẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún yìí ṣe, nítorí ìwọ nìkan kọ́ ló ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Pẹ́dàlì òsì ni eyín rẹ̀, ìyẹn ìlà tó lọ́ yí ara rẹ̀ ká tí a fi ń yí i wọlé, lòdì. Nọ́ọ̀tì kíráńkì kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ẹ̀gbẹ́ yòówù kó jẹ́, bí o bá dúró tí o sì kọjú sí nọ́ọ̀tì náà, òdì sí ọ̀nà tí ọwọ́ agogo ń gbà ni yóò tú u, ọ̀nà tí ọwọ́ agogo ń gbà ni yóò sì fún un. Nọ́ọ̀tì tó ti fún tẹ́lẹ̀ ni o tún fi páìpù ń fún. Ìdí tí kò fi mira nìyẹn, òun náà ló sì fà á tí orí rẹ̀ fi jẹ.

Kí o tó tún gbé irinṣẹ́ kankan, jókòó kí o ro ohun tí o lè gbà kó ṣòfò. Ohun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀: nọ́ọ̀tì ló kéré jù lówó, apá kíráńkì ló tẹ̀ lé e, ọ̀pá àárín ló sì ṣe iyebíye jù. Lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọ̀pá kíráńkì dá dúró, bí ó bá sì bàjẹ́ a lè fà á yọ kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ọ̀pá yìí àti họ́ọ̀bù jọ jẹ́ ohun kan náà ni, ara họ́ọ̀bù yẹn sì ni gbogbo sípóòkì so mọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 36. Ẹni tó bá ba eyín ọ̀pá náà jẹ́ lè bá ara rẹ̀ níbi tí yóò ti tú gbogbo àgbá palẹ̀ kí ó tó lè tún un hun. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀nà àtipa nọ́ọ̀tì láìpa ọ̀pá ni.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́tótó. Nọ́ọ̀tì náà rì sínú ihò kan lára apá kíráńkì, inú ihò yẹn sì ni iyanrìn, ẹrẹ̀ àti ìpáàrà ti máa ń kó jọ. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbá a mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà, dá àgbá náà dùbúlẹ̀ kí nọ́ọ̀tì kọjú sókè, kí o sì kán ọ́ìlì tí wọ́n ṣe láti máa wọnú ìpáàrà sí ibi tí nọ́ọ̀tì àti ẹnu ọ̀pá ti pàdé. Kán an ní alẹ́, kán an ní àárọ̀, kí o sì tún kán an lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó fọwọ́ kan sípánà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kán ọ́ìlì, wọ́n á nu ọwọ́ wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì náà kò tíì dé ibi tí wọ́n rán an. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko; ẹni tó kọ́kọ́ pa á lówe dà bí ẹni tó ti bá nọ́ọ̀tì tó dógùn-ún jà rí.

Nígbà tí ọ́ìlì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìwọ wá irinṣẹ́ tó tọ́. Sípánà pẹlẹbẹ kò lè wọ inú ihò yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò wọ̀ ọ́. Orí nọ́ọ̀tì kíráńkì sábà máa ń jẹ́ mílímítà 14, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ 15, nítorí náà wọ̀n ọ́n kí o tó pinnu, má ṣe méfò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, nítorí èyí tí ara rẹ̀ bá ki yóò máa ha eyín inú ihò náà, a ó sì nílò àwọn eyín yẹn láìpẹ́, bí o ṣe máa rí i nínú ìdáhùn mi sí lẹ́tà kẹta. Fún nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ ṣì pé, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ló dára jù, kì í ṣe onígun méjìlá, nítorí onígun mẹ́fà ń ti ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì, nígbà tí onígun méjìlá ń ti etí igun rẹ̀ nìkan. Mo fura pé onígun méjìlá ni èyí tó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Nísinsìnyí tí orí rẹ̀ ti di róbótó, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi ìwọ̀n kan kéré sí ti nọ́ọ̀tì náà, ìyẹn mílímítà 13 fún nọ́ọ̀tì 14, kí o sì fi òòlù gbá a wọlé títí yóò fi jẹ mọ́ ọn lára. Ibí yìí ni onígun méjìlá ti wúlò, nítorí igun rẹ̀ pọ̀, ó sì ń rí ibi jẹ. Lo sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí kò ní dùn ọ́, torí ó lè má jáde mọ́ lára nọ́ọ̀tì náà. Ṣùgbọ́n má ṣe fi òòlù lu ohunkóhun nígbà tí àgbá ṣì wà lára fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ẹlẹ́ka méjì tó gbé àgbá mú. Ìdí ni pé bẹ́ríǹ méjì ló gbé ọ̀pá náà dúró, ara àwọn bẹ́ríǹ yìí ni gbogbo lílù náà yóò sì lọ. Tú bọ́ọ̀tì kéékèèké tó di ilé bẹ́ríǹ mú ní ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì, àgbá yóò sì já bọ́ tòun ti apá kíráńkì méjèèjì. Yọ apá kíráńkì ẹ̀gbẹ́ kejì tí kò ní wàhálà, kí o wá gbé ẹnu ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ yẹn lé igi líle kan, kí ó lè jẹ́ pé láti orí ọ̀pá ni agbára òòlù yóò ti gba inú igi lọ sí ilẹ̀.

Ohun tó kù ni bí o ṣe máa di apá kíráńkì mú kí ó má bàa bá sípánà yí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan kò ní ohun tó ń yí lófìfo. Bí kíráńkì bá yí, àgbá yí, bí àgbá bá sì yí, gbogbo agbára rẹ ti ṣòfò nìyẹn. Má ki igi bọ àárín sípóòkì, yóò tẹ̀ ẹ́. Dá àgbá padà sínú fọ́ọ̀kì nígbà tí o bá ti gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé tán, gbé kẹ̀kẹ́ náà dúró lórí táyà rẹ̀, kí o sì ní kí ẹnì kan di ìjókòó mú. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni tìrẹ, yí apá kíráńkì yẹn kí ó nà sí iwájú, kí o sì fi àpótí tàbí igi tó lágbára tì í lábẹ́ ní ìparí rẹ̀. Na sípánà náà síwájú, kí ó ga díẹ̀ ju apá kíráńkì lọ, kí o wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pa ẹnu àlùmọ́gàjí dé. Nọ́ọ̀tì yóò máa yí lọ sí ọ̀nà tí ó ń gbà tú, igi abẹ́ kíráńkì yóò sì kọ̀ fún àgbá láti bá a lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ó na kíráńkì àti sípánà sí ẹ̀yìn dípò iwájú.

Kí o tó tẹ̀ ẹ́ láti tú u, kọ́kọ́ gbìyànjú láti fún un bí ìdá bíńtín sí i. Ó dà bí ìwà òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ìpáàrà tó so eyín nọ́ọ̀tì àti ti ọ̀pá pọ̀ kò bìkítà nípa ọ̀nà tí a gbà já a. Bí o bá ti gbọ́ "kẹ́" báyìí, dáwọ́ dúró, yí ọwọ́ padà, kí o sì máa tú u. Nínú ọ̀ràn tìrẹ, nọ́ọ̀tì tí o ti fi páìpù fún, má fi agbára púpọ̀ dán èyí wò.

Bí ó bá ṣì takú, iná ló kàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná tó ń jó fòò. Táyà, ike tó bo bẹ́ríǹ àti gíríìsì inú rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ọ́ìlì tí o kán sí i sì lè gbiná. Irin ìjólẹ́ẹ̀dì ńlá, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ rédíò ń lò, ló dára jù: fi ẹnu rẹ̀ tẹ ara nọ́ọ̀tì fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí nọ́ọ̀tì gbóná kí ó sì fẹ̀ kí ooru tó dé inú ọ̀pá. Lẹ́yìn náà ni kí o tún fà á. Nu ọ́ìlì tó wà níta kúrò kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni dírílì. Fi ẹnu ìṣó líle sàmì sí ojú nọ́ọ̀tì, láàárín eyín ọ̀pá àti etí nọ́ọ̀tì, kí o sì fi ẹnu dírílì tínrín, bíi mílímítà 2 tàbí 3, lu ihò tó bá ọ̀pá rìn lọ ní gígùn. Lu òmíràn sí ìdojúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì náà kò ní ju fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ ní ibi méjì yẹn, bí o bá sì fi síṣẹ́ẹ̀lì kékeré gbá a, yóò là. Ìdọ́gba ọwọ́ ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: bí dírílì bá tẹ̀ sí inú, eyín ọ̀pá ló jẹ, bí ó bá tẹ̀ síta, kíráńkì ló jẹ. Bí ó bá máa tẹ̀ dandan, jẹ́ kí ó tẹ̀ síta. Wọ awò ìdáàbòbò ojú, nítorí igi gánganran tó ń gún ni lójú níhìn-ín, èérún irin ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, tèmi kì í ṣe nọ́ọ̀tì. Bọ́ọ̀tì ló wọ inú ọ̀pá lọ, ó sì ní ihò onígun mẹ́fà ní orí, tí mo ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Ihò náà ti di róbótó. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ihò yẹn sábà máa ń jẹ́ mílímítà 8, ohun tó sì máa ń bà á jẹ́ ni ẹrẹ̀ tó kún inú rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ kò fi wọlé dé ìdí kí ẹ tó fà á. Ẹ fi ìṣó ha inú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnu sikuruú oníràwọ̀ tí wọ́n kọ T50 sí lára, kí ẹ sì fi òòlù gbá a wọ inú ihò tó ti jẹ náà. Ó tóbi díẹ̀ ju ihò náà lọ, etí rẹ̀ yóò sì gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ lo ọ̀nà kan náà tí mo ṣàlàyé lókè láti di kíráńkì mú.

Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fi dírílì gé orí bọ́ọ̀tì náà kúrò pátápátá. Orí yẹn ló ń fa bọ́ọ̀tì náà le. Bí ó bá ti lọ, ohun tó kù nínú ọ̀pá kì í sábà le mọ́, pẹ́ńsì tàbí ẹnu dírílì tó ń yí sí òsì yóò sì fà á jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ kíráńkì.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀tì mi tú wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n apá kíráńkì kò jáde. Mo ra púlà, irinṣẹ́ tí a ń yí wọ inú eyín kíráńkì láti fi fà á jáde lára ọ̀pá, mo dè é, mo sì yí i, ni eyín inú kíráńkì bá já, púlà sì jáde lọ́wọ́ mi pẹ̀lú èérún alumíníọ̀mù lára rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi, èmi ni àbí púlà?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí n bá yín pín ẹ̀bi náà, nítorí ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ sí èmi pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lo púlà, mo yọ nọ́ọ̀tì kúrò, mo sì gbàgbé wáṣà tínrín kan tí dọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò. Dípò kí orí púlà máa ti ẹnu ọ̀pá, wáṣà yẹn ló ń tì, wáṣà sì jókòó lé ara kíráńkì. Ṣe ni mo ń fi kíráńkì ti ara rẹ̀. Nígbà tí mo rí ohun tí mo ṣe, eyín ti jáde gẹ́gẹ́ bí okùn.

Ohun kejì tó máa ń fà á ni pé púlà kò wọlé tán. Eyín inú kíráńkì fẹ̀ tó mílímítà 22, àyè tó wà láàárín eyín kan sí èkejì sì jẹ́ mílímítà 1 péré. Alumíníọ̀mù ni wọn, irin sì ni púlà. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán yí púlà wọlé títí kò fi ní lè lọ mọ́, kí gbogbo eyín lè jọ pín agbára náà, kí ẹ tó fi sípánà kan àárín rẹ̀. Bí ó bá yí wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré tó sì dúró, ó wọ́ ni, tàbí kí ẹrẹ̀ wà nínú eyín. Ẹ tú u jáde, ẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí tí eyín ti lọ, ọ̀nà mẹ́ta ló kù. Àkọ́kọ́ ni púlà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ọkọ̀ fi ń fa bẹ́ríǹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́ ẹ̀yìn kíráńkì bí àyè bá wà láàárín kíráńkì àti bẹ́ríǹ. Ẹ da omi gbígbóná sí ara kíráńkì kí ẹ tó fún púlà náà, nítorí alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ní ìwọ̀n bíi ìlọ́po méjì irin bí ooru bá kan án, ihò onígun mẹ́rin tí kíráńkì fi wọ ọ̀pá yóò sì dẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ máa gùn ún láìsí nọ́ọ̀tì títí yóò fi dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ di ògiri mú, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn ní àyè kan náà, láìkúrò níbẹ̀. Kì í pẹ́ lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, nítorí ẹsẹ̀ wa ń tì í síwájú, ó sì tún ń fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kíráńkì tí ẹ bá yọ báyìí ti di ohun ìdànù, nítorí ihò onígun mẹ́rin rẹ̀ yóò ti fẹ̀, kò sì ní di ọ̀pá mú dáadáa mọ́ láéláé.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ràn jù bí ẹ bá ti gbà pé kíráńkì náà kò ṣeé lò mọ́. Ẹ fi ayùn irin gé orí kíráńkì náà ní gígùn, láti ẹ̀gbẹ́ wọ inú, kí ẹ sì dúró nígbà tó bá ku fẹ́lẹ́ kí ayùn kan ọ̀pá. Ẹ ki síṣẹ́ẹ̀lì bọ ojú gígé náà, kí ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kíráńkì yóò sì la ẹnu. Ó gba sùúrù, ó sì dun ojú, ṣùgbọ́n ọ̀pá yóò jáde láìní àpá.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi, tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí wọ́n tó bí mi, ní èèwọ̀ ni kí gíríìsì kan ibi onígun mẹ́rin ọ̀pá. Ẹni tó kọ́ mi ní gígun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ní kí n fi gíríìsì sí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ sì jọ̀wọ́, kí ló dé tí nọ́ọ̀tì mi fi ń dẹ̀ ní gbogbo ìgbà?

ÌDÁHÙN: N kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé yín. Àwọn oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Bàbá yín bẹ̀rù pé gíríìsì yóò jẹ́ kí kíráńkì gun ọ̀pá jù títí ihò rẹ̀ yóò fi fẹ̀. Olùkọ́ yín bẹ̀rù pé bí kò bá sí gíríìsì, kíráńkì yóò máa dún, yóò sì lẹ̀ pa. Ojú ọ̀pá yẹn kì í ṣe onígun mẹ́rin tó gún régé, ṣe ni ó ń tín-ín-rín bọ̀ sí ẹnu, ìdí sì nìyẹn tí bàbá yín fi ní ọ̀rọ̀ sọ. Lójú tèmi, kí ojú méjèèjì mọ́ tónítóní ṣe pàtàkì ju kí gíríìsì wà tàbí kí ó má sí lọ. Bí ẹ bá ń gbé ní ibi tí ọ̀rinrin pọ̀, ẹ fi èyí tó fẹ́lẹ́ bí ìpara ojú sí i, kí ẹ má sì fún nọ́ọ̀tì ju bó ṣe yẹ lọ. Eyín nọ́ọ̀tì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kò sí iyàn lórí wọn: ẹ fi gíríìsì síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó wà lórí tábìlì mi kì bá tí wá bí a bá ti ṣe èyí ní ọjọ́ tí wọ́n ra kẹ̀kẹ́.

Ní ti bó ṣe yẹ kó fún tó, nǹkan bíi 40 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan) ni ọ̀pá onígun mẹ́rin sábà máa ń fẹ́. Kí èyí lè yé ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára: bí ẹ bá lo sípánà tí ọwọ́ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó dà bí ẹni pé ẹ so ẹrù kílò 20 mọ́ ìparí rẹ̀. Bí ẹ bá wá fi páìpù gùn ún di sẹ̀ǹtímítà 60 tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bákan náà, ó ti di 120 Nm, ìlọ́po mẹ́ta. Báyìí ni eyín ṣe ń já lọ́wọ́ ẹni tó rò pé òun kò lo agbára kankan.

Ìdí tí ó fi ń dẹ̀ kò ṣòro. Lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, iwájú nìkan ni a máa ń tẹ kíráńkì sí, bí a bá sì dáwọ́ dúró, àgbá ń yí lọ fúnra rẹ̀. Lára ti ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ wa ni bíréèkì, òun náà la fi ń dúró lójú kan, tí a ń rọ́ síwájú sẹ́yìn láìsinmi. Lójoojúmọ́ ni a ń ti kíráńkì sí ọ̀nà méjèèjì, bí ẹni tó ń mi òpó kí ó lè jáde nínú ilẹ̀. Bí kíráńkì bá sì jẹ́ tuntun, àgùnmọ́ rẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún un fún lẹ́yìn wákàtí kan tí ẹ ti gùn ún, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá ti jókòó dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń fún un lóṣooṣù lásán ń ti kíráńkì gun ọ̀pá síwájú sí i ni.

Èyí tí mo bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ má ṣe gùn ún lọ sílé bí ẹ bá ti gbọ́ "kọ́-kọ́". Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tì í. Ìrìn kìlómítà méjì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ tó láti ba ihò kíráńkì jẹ́, bí ihò náà bá sì ti fẹ̀, ẹ lè fún nọ́ọ̀tì títí di ọ̀la, yóò tún dẹ̀. Àwọn kan máa ń gé agolo ohun mímu láti fi dí àlàfo náà. Ó lè gbé yín délé, kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kán sí eyín, èyí tó lágbára díẹ̀ tí sípánà lásán lè já ni kí ẹ rà, kí ẹ má ra èyí tó jẹ́ pé iná ló ń tú u. Bí ẹ bá sì kán gọ́ọ̀mù, ẹ má fi gíríìsì sí eyín yẹn mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti yọ bọ́ọ̀tì tó bàjẹ́, mo sì ra tuntun ní ilé ìtajà irinṣẹ́. Mílímítà 8 ni ti tẹ́lẹ̀, mílímítà 8 ni èyí náà. Ó yí wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì le gan-an. Ṣé kí n máa fún un lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì fi sùúrù tú u jáde. Fífẹ̀ nìkan kọ́ ni a fi ń mọ bọ́ọ̀tì. Bọ́ọ̀tì mílímítà 8 tó wọ́pọ̀ ní ilé ìtajà ní àyè 1.25 láàárín eyín kan sí èkejì. Bọ́ọ̀tì kíráńkì tó jẹ́ mílímítà 8 ní àyè 1 péré. Bọ́ọ̀tì ilé ìtajà yìí máa ń yí wọ inú eyín ọ̀pá ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni èyí tó ki yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé eyín ọ̀pá. Àwọn tó ń lo nọ́ọ̀tì náà wà nínú ewu kan náà, nítorí eyín wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gé sí ẹnu ọ̀pá, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà láti ọ̀dọ̀ olùṣe kan sí èkejì.

Ẹ mú bọ́ọ̀tì àtijọ́ náà dání, bó tilẹ̀ ti jẹ, kí ẹ lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́. Ẹ to ara eyín tuntun mọ́ ara eyín àtijọ́, kí ẹ gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá gba àárín wọn kọjá, òun ni. Kí ẹ tó fi í sí ọ̀pá, ẹ wá ẹni tó ní táàpù (irinṣẹ́ tó ń gé eyín sínú ihò) mílímítà 8 oníàyè 1, kí ó rọra yí i wọlé pẹ̀lú ọ́ìlì láti tún eyín méjì àkọ́kọ́ tó ti bàjẹ́ yẹn ṣe, nítorí eyín tó kù ní inú ṣì wà bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀tì tuntun gbọ́dọ̀ lè fi ìka lásán wọlé títí dé ìdí.